Bàálù Ni Kó O Kọ́kọ́ Wà

Bódìjà,
Ìbàdàn.

Àkànní ọmọ mi,

Ìyá rẹ fi àwọn fọ́tò tó o yà nínú bàálù hàn mí. Ó ní o ti gba ìwé àṣẹ awakọ̀ bàálù ní Florida, pé fífi aago inú bàálù nìkan fò nínú ìkùukùu lo fẹ́ kọ́ báyìí. Inú mi dùn gan-an. Èmi náà jẹun nídìí iṣẹ́ yìí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì mọ iyì rẹ̀. Ṣùgbọ́n tábúlẹ́ẹ̀tì tí mo rí lórí itan rẹ, fóònù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ àti kámẹ́rà tó o gbé kọ́ iwájú ló jẹ́ kí n kọ̀wé yìí.

Nínú ìkùukùu, irọ́ ni ara ń pa fúnni. Bí bàálù bá rọra tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, omi inú etí tó ń jẹ́ ká mọ̀ bóyá a dúró ṣánṣán kì í tètè fura. Wàá rò pé ò ń lọ gbọọrọ, bẹ́ẹ̀ bàálù ti ń yí lọ sílẹ̀. Lọ́dún 1954, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Illinois mú èèyàn 20 tí kò tíì mọ fífi aago fò, wọn ò sì jẹ́ kí wọ́n rí ìta. Gbogbo wọn ni bàálù bọ́ mọ́ lọ́wọ́. Bí a bá pín àkókò wọn dọ́gba, ìṣẹ́jú-àáyá 178 ni; kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ìwọ yóò kọ́ ọ ní tìrẹ, aago yóò sì di ojú rẹ. Àmọ́ ìgbàkigbà tó o bá gbójú kúrò lára aago pẹ́, o ti di ọ̀kan nínú àwọn 20 yẹn.

Ohun tó ń gba ojú ẹni kì í sábà tóbi. Nítòsí Miami níbẹ̀ yẹn, nínú irà Everglades, ni bàálù Eastern Air Lines 401 já sí lálẹ́ ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá, ọdún 1972. Iná kékeré tó yẹ kó fi hàn pé ẹsẹ̀ iwájú ti jáde ni kò tàn, ni gbogbo àwọn tó wà nídìí ọkọ̀ bá kójú sí i. Autopilot, ẹ̀rọ tó ń wa bàálù fúnra rẹ̀, tó ń gbé wọn dúró ní ẹsẹ̀ bàtà 2,000 ti jáwọ́, kò sẹ́ni tó rí i. Nínú èèyàn 176, 101 ló kú. Gúlóòbù ló jó o. Ẹsẹ̀ bàálù ò ní nǹkan kan. Àwọn yẹn tilẹ̀ pọ̀ nídìí ọkọ̀. Ìwọ nìkan ni wàá wà nídìí tìrẹ.

Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Torí náà, ohun tó o bá lè ṣe nílẹ̀, ṣe é nílẹ̀: máàpù, nọ́ńbà rédíò, ọ̀nà tí wàá gbà balẹ̀. Yọ kámẹ́rà yẹn kúrò. Bí péènì bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ, mú òmíràn. Bíbẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lójijì nígbà tí bàálù ń yí lè mú kí òòyì kọ́ ọ. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí lẹ́yìn tó o gbéra, ariwo ló máa ń pọ̀ jù níbẹ̀. Má bá a jà. Rọra padà wá balẹ̀. Bí àwọn tó ń darí ọkọ̀ láti ilẹ̀ bá yí ọ̀nà rẹ padà, tí ọwọ́ rẹ sì dí, ní kí wọ́n dúró ná. Má tijú, àwọn kọ́ ló ń wà á. Bí autopilot bá ń ṣiṣẹ́, máa wò ó bóyá ohun tó o ní kó ṣe ló ń ṣe.

Lọ́dún 1981, ìjọba Amẹ́ríkà fòfin de ọ̀rọ̀ tí kò kan iṣẹ́ láàárín àwọn awakọ̀ bàálù akérò, bí wọ́n bá ń gòkè tàbí tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 10,000. Òfin náà ò dé ọ̀dọ̀ ìwọ tó ń wa kékeré, ṣùgbọ́n fi de ara rẹ, kó o sì sọ fún ẹni tó bá jókòó tì ọ́ kó tó wọlé.

Mo bẹ̀ ọ́, ohun yòówù kó bà jẹ́, ẹni yòówù kó máa pè ọ́, wa bàálù ná. Ìyókù á dúró dè ọ́.

Èmi ni,
Bàbá rẹ ní Bódìjà.