Ẹ̀yìn Ríro Lẹ́nu Iṣẹ́ Ìránṣọ

Ìbéèrè: Olóòtú, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo ń wà láti òwúrọ̀ di alẹ́, ẹ̀yìn àti ọrùn ń ro mí, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi náà sì ń ké. Ṣé kí n fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ ni? Ìyá Aránṣọ, Koumassi, Abidjan.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ abẹ́rẹ́, Ìyá wa. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Iṣẹ́ tí ẹ fi ń tọ́mọ kọ́ ni ọ̀tá yín, bí kò ṣe bí a ti ń jókòó tì í. Láti ọdún 1700 ni Bernardino Ramazzini, oníṣègùn ará Ítálì, ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ̀yìn àwọn aránṣọ a máa tẹ̀, ẹsẹ̀ wọn a sì máa kú.

Àpótí kan ṣoṣo kò lè ba gbogbo yín mu. Kí olúkúlùkù ní àga tí itan rẹ̀ yóò fi tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì kan ìtẹsẹ̀ ẹ̀rọ láìnà gàgà. Èyí tí mo fẹ́ràn jù, tí kò sì ná ni lówó, ni pé kí ẹ fi pákó pẹlẹbẹ sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì tó jìnnà sí yín, kí ó má sì mì, kí ojú ẹ̀rọ lè dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ sọ́dọ̀ aránṣọ. Abẹ́rẹ́ ni yóò wá bá ojú, ọrùn kò ní tẹ̀ lọ bá abẹ́rẹ́ mọ́. Bí ẹ bá ń rán aṣọ dúdú, ẹ gbé àtùpà sún mọ́ ọn, kí ẹ má baà máa tẹ̀ wò ó. Lásìkò Iléyá pàápàá, tí aṣọ oníbàárà ga bí òkè, ẹ máa dìde na ara ní ìdajì wákàtí síra wọn.

Bí ìrora bá ń ti ìbàdí sọ̀ dé ẹsẹ̀, ẹ má dúró de àgbo. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ.