Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta Lórí Ibùsùn

Bí ẹṣin bá dáni, à tún un gùn ni. Ẹni tó bá ti lé ní àádọ́ta ọdún sábà máa ń rò pé òwe yìí kò bá òun wí mọ́: ó gun àtẹ̀gùn díẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní àgbà ló dé. Ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin márùn-ún kan ní Dallas, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, lè yí i lérò pa dà.

Ní 1966, tí wọ́n ṣì jẹ́ ọmọ ogún ọdún, àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní kí wọ́n dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Wọn ò ṣàìsàn o! Nígbà tí wọ́n dìde, ìwọ̀n ọ́síjìn tí ara wọn lè lò bí wọ́n bá sáré tagbáratagbára ti fi ohun tó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin dín kù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ eré ìdárayá ló dá a pa dà, tó tún fi èlé lé e.

Ní 1996, àwọn onímọ̀ ìṣègùn tún pè wọ́n. Àwọn géńdé ọjọ́sí ti sanra, láti nǹkan bíi kílò 77 sí 100. Síbẹ̀, ohun tí ọgbọ̀n ọdún bù nínú agbára tí ara wọn ní láti lo ọ́síjìn kò tó ìdajì ohun tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bù lọ.

Ọjọ́ orí ń ṣe tirẹ̀, kò sí àníàní. Òpó ẹ̀jẹ̀ ń gan, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ń gòkè, iye ìgbà tí ọkàn lè lù ní ìṣẹ́jú kan lásìkò eré líle sì ń fi bí ẹyọ kan dín kù lọ́dọọdún. Ìyẹn ò gbẹ̀bẹ̀. Àmọ́ oṣù mẹ́fà ìrìn, eré sísá pẹ̀lẹ́ àti kẹ̀kẹ́ gígùn dá àwọn ọkùnrin náà pa dà síbi tí wọ́n wà kí wọ́n tó dùbúlẹ̀ ní 1966. Ohun ìyanu ibẹ̀ ni pé ọkàn wọn kò tú ẹ̀jẹ̀ jáde ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Iṣan ara ló kọ́ bí a ti ń fa ọ́síjìn púpọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ìrìn kánmọ́kánmọ́, tí èèyàn lè sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè kọrin, tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru tàbí tí àyà ń dùn, kó kọ́kọ́ fojú kan dókítà.

Kí èèyàn má sì fi falẹ̀. Nígbà tí àwọn márùn-ún náà di ẹni ọgọ́ta ọdún, àwọn onímọ̀ tún wọn agbára wọn. Ọdún mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn ti gbà ju ọgbọ̀n ọdún àkọ́kọ́ lọ. Ogójì ọdún lápapọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta orí ibùsùn dọ́gba.