Ojú Olójú Kò Jọ Ojú Ẹni

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ wà nílé ẹ̀kọ́ girama, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò WAEC àti NECO, ẹ fetí sílẹ̀. Mo rí ohun tí ẹ ń kó sínú báàgì: ìwé pẹlẹbẹ tó sọ odidi ìtàn di ojú ìwé mẹ́rin, ìbéèrè àtijọ́ pẹ̀lú ìdáhùn rẹ̀, àti nóòtù tí ọ̀rẹ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ìwé tí wọ́n ní kí ẹ kà gan-an kò sí níbẹ̀. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Ẹni tó kọ ìwé pẹlẹbẹ yẹn ti fi ojú tirẹ̀ kà á. Ohun tó wù ú ló mú, ohun tí kò kà sí ló fi sílẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni olùdánwò lè ti mú ìbéèrè.

Ẹ jẹ́ kí n fi Ẹfúnṣetán Aníwúrà ṣe àpẹẹrẹ, eré onítàn Akínwùmí Ìṣọ̀lá tó jáde ní 1970. Ìwé pẹlẹbẹ á ní Ìyálóde Ìbàdàn yìí rorò, ó ń pa ẹrú, ìgbẹ̀yìn rẹ̀ kò sì dára. Irọ́ kọ́. Àmọ́ ẹ ṣí eré náà fúnra yín. Ẹ wo obìnrin tí ọmọ kan ṣoṣo tó bí kú lórí ìkúnlẹ̀, tó wá ṣòfin pé ẹrú kankan nílé òun kò gbọdọ̀ lóyún. Ẹ wo Adétutù, ẹrúbìnrin tí oyún rẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ ikú. Ẹ óò rí i pé ọ̀fọ̀ ló bí òfin, òfin ló bí ìpànìyàn. Ẹni tó rí èyí kò ní kọ “ó burú” lásán nígbà tí wọ́n bá béèrè nípa ìfìwàwẹ̀dá. Á sọ ibi tí ìwà náà ti ṣẹ̀ wá, á sì tọ́ka sí ìran tó ti hàn.

Bí ẹ bá kà á tán, ẹ wá ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ ní 1921. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, ẹ má jẹ́ kíyẹn dẹ́rù bà yín. Níbẹ̀, Ààrẹ Látóòsà, olórí Ìbàdàn, yọ Ẹfúnṣetán lóyè, ó sì bu owó ìtanràn lé e. Ní 1874 ni àwọn ẹrú rẹ̀ pa á lóru, ọmọ tó gbà tọ́ sì lọ́wọ́ sí i. Nínú eré, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ jẹ májèlé kó má baà gbé nínú ẹ̀sín. Kí ló dé tí òǹkọ̀wé fi yí ikú náà padà? Kí ni òǹwòran ì bá rò nípa rẹ̀ ká ní ojú oorun ni wọ́n ti pa á? Ẹ dáhùn ìyẹn nínú nóòtù yín. Èrò tiyín ni, ẹ kò lè rí i rà lọ́jà.

Nítorí náà, ìwé gan-an lẹ óò kọ́kọ́ wá. Bí owó kò bá tó, ẹ̀yin mẹ́ta ẹ dá a jọ rà. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kínní fún adùn, lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú pẹ́ńsù lọ́wọ́. Ẹ pín nóòtù sí mẹ́rin: orúkọ ẹ̀dá ìtàn, ohun tó sọ, ohun tó ṣe, ojú ìwé tó wà. Fíìmù dára, àmọ́ ẹ̀yìn ìwé ni kó wá. Ìwé Ìṣọ̀lá mìíràn, Ó Le Kú, jáde ní 1974. Ní 1997 ni Túndé Kèlání sọ ọ́ di fíìmù. Ẹni tó wo fíìmù nìkan mọ aṣọ tí wọ́n wọ̀, kò mọ èdè tí òǹkọ̀wé lò.

Ọ̀rọ̀ tí kò bá yé yín, ẹ má fò ó. Atúmọ̀ èdè tí R. C. Abraham ṣe ní 1958 ṣì wúlò gan-an. Bí ẹ bá sì rí “aiye” àti “enia” nínú ìwé àtijọ́, ẹ rántí pé àkọtọ́ 1974 kò tíì dé nígbà náà. “Ayé” àti “ènìyàn” ni kí ẹ kọ síwájú olùdánwò.

Lítírésọ̀ alohùn ń kọ́? Ẹnu àgbà ló wà. Ìyá àgbà tó ti sun ẹkún ìyàwó rí, ọdẹ tó ń sun ìjálá, ẹ kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹ gbàṣẹ, ẹ gba ohùn wọn sórí fóònù, kí ẹ sì fọwọ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti tún ọ̀rọ̀ wí, ẹ sàmì sí i. Nígbà náà ni àwítúnwí tí olùkọ́ kọ sójú pátákó á di ohun tí etí yín ti gbọ́.

Ní ti àròkọ, kò ṣeé há sórí. Ọmọ kan á kọ pé: “Ọjà ìlú mi tóbi, ó sì dára púpọ̀.” Ọjà wo ni kò tóbi? Ẹ lọ dúró lẹ́nu ọjà, kí ẹ kọ ohun tí ẹ rí: “Ìyá oní-gààrí fi apá ká ẹnu kọ́ńgò kí gààrí lè ṣe òkìtì; oníbàárà ṣì ń béèrè ènì.” Ẹni tó ka èyí ti dé ọjà. Fún àròkọ alárìíyànjiyàn, ẹ máa ka ìwé ìròyìn Yorùbá bí Aláròyé, kí ẹ wo bí wọ́n ṣe ń gbé ẹjọ́ kalẹ̀ kí wọ́n tó dá a.

Ìbéèrè àtijọ́ àti ìwé pẹlẹbẹ náà ní àyè tiwọn. Ẹ mú wọn jáde lẹ́yìn tí ẹ bá ti kàwé tán, kí ẹ gbé aago síwájú, kí ẹ fi dán ara yín wò. Níbi tí ìdáhùn wọn bá ti yàtọ̀ sí tiyín, ẹ má sáré pa tiyín rẹ́. Ẹ padà sínú ìwé, ẹ wá ẹ̀rí, kí ẹ gbé e lọ bá olùkọ́ yín.

Bí ẹ bá délé lónìí, ẹ ka ìran kan ṣoṣo, kí ẹ pa ìwé dé, kí ẹ kọ gbólóhùn márùn-ún nípa rẹ̀ láìwo ti ẹnikẹ́ni.