Má Fi Ọrẹ Ọlọ́hun Ṣòfò: Ẹ̀kọ́ Lórí Títún Ohun-Èlò Ilé Lò

Bísímílláhí Ràhámáánì Ràhíìmù. Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun Allah ni, Ọba tí Ó dá wa, tí Ó sì fi ohun tí ó wà lórí ilẹ̀ ṣe àǹfààní fún wa. Ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin ọmọ iléèwé wa, ẹ̀yin òbí, àti ẹ̀yin ìjọ mọ́sálásí, ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ ṣe lọ́dún yìí kò jìnnà sí ilé ẹnikẹ́ni nínú wa. Ó wà nídìí ààrò, ó wà lẹ́yìnkùlé, ó wà nínú gọ́tà tí ó gba iwájú ilé kọjá. Kí ni ó yẹ kí mùsùlùmí ṣe sí ohun-èlò tí ó ti lò lẹ́ẹ̀kan? Èwo ni kí ó tún lò, èwo ni kí ó fi tọrẹ, èwo sì ni kí ó mú kúrò nílẹ̀ pátápátá?

1. Ohun tí ẹ̀sìn sọ

Nínú Suratul-Isra, aaya 26 àti 27, Ọlọ́hun kọ ìná-àpà fún wa, Ó sì ka àwọn onínàá-àpà mọ́ ẹbí èṣù. Nínú Suratul-A'raf, aaya 31, Ó yọ̀ǹda kí á jẹ kí á mu, ṣùgbọ́n kí á má kọjá ààlà. Ẹ jẹ́ kí ó yé wa pé kì í ṣe olówó nìkan ni àwọn aaya wọ̀nyí ń bá wí. Ẹni tí kò ní ju agbọ̀n gàrí kan lọ lè fi ìdajì rẹ̀ ṣòfò.

Hádíísì kan wà tí Bukhari àti Muslim gbà wá. Wọ́n fi àgùntàn kan ṣe sàráà fún obìnrin kan tí Maymuna, ìyàwó Ànábì, ti sọ di òmìnira. Àgùntàn náà kú. Nígbà tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kọjá lẹ́bàá rẹ̀, ó béèrè ìdí tí wọn kò fi bó awọ rẹ̀ kí wọ́n fi ṣe nǹkan. Wọ́n ní òkú ẹran ni. Ó dá wọn lóhùn pé jíjẹ ẹ́ nìkan ni a ṣe ní èèwọ̀. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí. Bí àǹfààní bá ṣì wà nínú ohun tí a kò gbọdọ̀ jẹ, mélòó-mélòó ni ohun tí kò ní èèwọ̀ kankan?

Ìyá àwọn mùmíní, Aisha, náà ròyìn pé Ànábì máa ń rán aṣọ rẹ̀, ó sì máa ń tún bàtà ara rẹ̀ ṣe. Bí òkèlè bá bọ́ sílẹ̀, ó ní kí á gbọn ìdọ̀tí ara rẹ̀ dànù kí á jẹ ẹ́, kí á má fi í sílẹ̀ fún èṣù. Ẹni tí Ọlọ́hun fẹ́ràn jù lọ kò ka títún nǹkan lò sí ìtìjú. Kí ló wá dé tí àwa fi ń tijú?

2. Wàláà ni olùkọ́ wa àkọ́kọ́

Ẹ̀yin ọmọ kéú, ẹ wo wàláà tí ó wà lọ́wọ́ yín. Pákó kan ṣoṣo ni. A fi tàdáà kọ súrà sí i, a kà á títí ó fi wọnú orí, a fọ̀ ọ́, a sì tún kọ òmíràn. Pákó kan lè gbé Àlùkùráánì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí bàbá tó fi lé ọmọ lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá kọ́ ẹ̀kọ́ lórí wàláà ti kọ́ bí a ṣe ń tún nǹkan lò kí ó tó mọ orúkọ rẹ̀.

3. Ohun-èlò lọ́kọ̀ọ̀kan

Omi: Ó wà nínú Bukhari àti Muslim pé omi tí Ànábì fi ń ṣe àlùwàlá jẹ́ múdù kan, ìyẹn ìwọ̀n tí ó kún àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tí a pa pọ̀. Kò ju ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan ààbọ̀ lọ. Ẹ fi èyí wé búútà méjì tí àwa ń dà sílẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí kànga ti gbẹ. Omi àlùwàlá tí ó ti bọ́ sílẹ̀ kì í ṣe nájísì. Ẹ la ojú omi fún un kí ó ṣàn lọ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn mọ́sálásí. Omi tí a fi ṣan ìrẹsì àti ẹ̀wà náà, ìdí ewébẹ̀ ni kí á dà á sí.

Èèpo àti eérú: Ní àwọn abà Akínyẹlé àti Lágelú, òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́ máa ń rà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìyan gàrí títí òórùn rẹ̀ yóò fi gba àdúgbò. Oúnjẹ ẹran ni, ṣùgbọ́n májèlé wà nínú tútù rẹ̀. Ẹ sá a kí ó gbẹ dáadáa kí ẹ tó fún ewúrẹ́. Ní Ìbàdàn wa níbí, nínú ọgbà IITA tí a dá sílẹ̀ ní 1967, àwọn onímọ̀ nípa ẹran ọ̀sìn láti ilé-iṣẹ́ ILRI ti fi hàn pé bí a bá rin èèpo náà, tí a fún omi rẹ̀ kúrò bí a ti ń ṣe sí gàrí, tí a sì jọ̀ ọ́, ó lè gbẹ láàárín ọjọ́ kan dípò ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, ó sì di oúnjẹ tí a lè tà.

Àwọn àgbẹ̀ kòkó ní Ọ̀nà-Àrà àti Ẹgbẹ́dá mọ̀ pé èèpo kòkó tí a fi sílẹ̀ lóko máa ń tan àrùn tí ń sọ kòkó di dúdú. Bí a bá sá a, tí a sun ún, eérú rẹ̀ pẹ̀lú àdí ni àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú. Eérú ìdáná lásán náà ń fọ ìkòkò, ó sì ń pa òórùn ṣáláńgá.

Agolo, ike àti ọ̀rá: Kẹ́ẹ̀gì tí ó la ni a ń gé ṣe gúgà. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí a dá ihò sí nídìí ń gbé ọmọ ọsàn àti ọmọ kòkó títí yóò fi tó lọ́ lọ sóko. Agolo tòmátì De Rica ti di òṣùwọ̀n lọ́jà, bẹ́ẹ̀ ni ike ọ̀dà di òṣùwọ̀n gàrí. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ rántí Suratul-Mutaffifin. Ẹni tí ó bá tẹ ìdí agolo wọnú, tàbí tí ó fi nǹkan tẹ́ ìsàlẹ̀ ike kí ó má baà gbà púpọ̀, ti sọ ohun tí ó lè fi gba láádá di ohun ìyà.

Kẹ́ẹ̀gì tí ọtí ti wà nínú rẹ̀ ńkọ́? Ànábì gba Abu Tha'laba láyè láti lo ìkòkò àwọn tí kì í ṣe mùsùlùmí bí kò bá rí òmíràn, lẹ́yìn tí ó bá fọ̀ ọ́. Nítorí náà, ẹ fọ̀ ọ́ títí òórùn àti ìtọ́wò ọtí yóò fi lọ.

Awọ ẹran Iléyá: Ànábì kọ̀ fún Sayyidina Ali kí ó fi nǹkan kan lára ẹran ìrúbọ san owó iṣẹ́ alápatà. Nítorí náà a kì í tà á. Ẹ fi ṣe sàráà, tàbí kí ẹ sá a kí ó di ìtẹ́lẹ̀ tí ẹ ó máa kírun lórí rẹ̀.

Ìwé: Ìwé àtijọ́ ṣì lè wúlò, bí ó bá mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí orúkọ Ọlọ́hun tàbí aaya bá wà níbẹ̀, kò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ alákàrà. Sísun ún tàbí rírì í mọ́lẹ̀ níbi tí ó mọ́ ni ọ̀nà rẹ̀. Sayyidina Uthman pàṣẹ kí a sun àwọn àkọsílẹ̀ yòókù nígbà tí ó kó Àlùkùráánì jọ tán.

4. Èyí tí a kò gbọdọ̀ tún lò

Níhìn-ín ni kí ẹ ti fetí sílẹ̀ jù lọ. Ẹ̀sìn wa sọ pé kí á má ni ara wa lára, kí á má sì ni ẹlòmíràn lára. Títún nǹkan lò tí yóò pa ènìyàn kì í ṣe ìṣọ́wóná.

Èkíní ni ike oògùn apakòkòrò àti oògùn apakoríko. Àwọn kan ń fọ̀ ọ́, wọ́n sì ń rọ epo pupa tàbí omi mímu sínú rẹ̀. Májèlé ti wọ ara ike náà, ọṣẹ kò lè yọ ọ́. Gammalin 20 tí àwọn àgbẹ̀ kòkó lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, lindane ni ó wà nínú rẹ̀. Ní 2009, àdéhùn àgbáyé ti Stockholm fi í sára àwọn májèlé tí a ní láti mú kúrò láyé. Ẹ ṣan ike oògùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ da omi ìṣanra náà sínú ẹ̀rọ ìfọ́nkò kí ẹ fọ́n ọn sóko, kí ẹ sì lu ìdí ike náà kí ẹnikẹ́ni má baà rí i lò mọ́.

Èkejì, ẹ má fi ọ̀rá dáná. Èéfín rẹ̀ ń wọ ẹ̀dọ̀fóró ìyá àti ọmọ tí ó pọ̀n. Ògùṣọ̀ àti èésan wà nílẹ̀ wa fún iṣẹ́ yẹn. Ẹ̀kẹta, ẹ má fi àpò sìmẹ́ǹtì di oúnjẹ. Ẹ̀kẹrin, táyà àti agolo tí ó gba omi òjò dúró ni ilé ẹ̀fọn. Ẹ lu ú ní ihò tàbí kí ẹ da ojú rẹ̀ délẹ̀.

5. Ibi tí ohun tí a jù nù ń lọ

Ẹni tí ó bá da omi síwájú yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹni tí ó da ọ̀rá síwájú ńkọ́? Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún bo Ìbàdàn, ẹ̀mí àti dúkìá púpọ̀ sì bá a lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omíyalé tún dé, ẹni tí ó kú lé ní 100. Òjò ni ó rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n pàǹtírí tí ó dí ojú odò àti gọ́tà wà lára ohun tí kò jẹ́ kí omi rí ọ̀nà lọ. Ìlú ni omi náà bàjẹ́, ṣùgbọ́n àwa ará abà kò yọ sílẹ̀. Nínú àwọn ààtàn ńlá tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún Ìbàdàn, ọ̀kan wà ní Akínyẹlé, ọ̀kan wà ní Ọ̀nà-Àrà. Ohun tí ìlú jù nù, ẹ̀gbẹ́ oko wa ni ó ń bọ̀. Mímú ohun ìnira kúrò lójú ọ̀nà sì wà lára ìgbàgbọ́.

6. Ìṣọ́wóná kì í ṣe ahun

Suratul-Furqan, aaya 67, fi ìwọ̀ntúnwọ̀nsì hàn wá: kí á má ná ìnákúnàá, kí á má sì háwọ́. Bàbá tí ó ní kí ọmọ máa wọ bàtà tí ó ti já nígbà tí owó wà lápò rẹ̀, ahun ni. Ìyá tí ó kó agolo ọgọ́rùn-ún jọ tí kò lo ọ̀kan, ààtàn ni ó gbé wọnú yàrá. Aṣọ tí kò gba ọmọ tiwa mọ́, tí ó ṣì mọ́, kí ó lọ sára ọmọ aládùúgbò kí ó tó di akísà. Ohun tí a bá tún lò ní láti yí padà di nǹkan: ìwé fún ọmọ, oògùn fún aláìsàn, sàráà fún aláìní. Bí kò bá dé ibẹ̀, iṣẹ́ kò tíì parí.

Ìbéèrè fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́

1. Kí ni ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ nínú ìtàn àgùntàn Maymuna?
2. Báwo ni omi àlùwàlá Ànábì ti pọ̀ tó? Wọn tìrẹ nílé kí o sì sọ ìyàtọ̀.
3. Kí ló dé tí a kò fi gbọdọ̀ rọ epo sínú ike oògùn oko?
4. Dárúkọ ohun márùn-ún tí ilé yín jù nù lọ́sẹ̀ yìí. Èwo ni ó ṣì wúlò, ta ni ó sì wúlò fún?

Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí ohun tí Ó fi sọ́wọ́ wa, kí Ó má kà wá mọ́ àwọn onínàá-àpà, kí Ó má sì kà wá mọ́ àwọn ahun. Àmín. Wàsàláàmù àláékúmù.