Àpótí Ìmọ̀: Ẹja Alápata Tí Kò Ní Párì

Ní 1835, Louis Agassiz sọ orúkọ ẹja ayé àtijọ́ kan láti Scotland ní Cephalaspis. Ó ti wà láyé ní nǹkan bí 400 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Apata eegun orí rẹ̀ rí bíi pátákò ẹṣin. Ẹgbẹ́ ẹja wo ló wá bọ́ sí?

Ní 1927, Erik Stensiö ará Sweden yẹ inú apata orí irú ẹja yìí láti Spitsbergen wò fínnífínní, ó sì rí ipa ọpọlọ àti iṣan inú rẹ̀. Kò sí párì. Ihò imú kan ṣoṣo ló wà lókè orí, bíi ti lamprey, ẹja aláìnípárì tó ṣì wà lónìí. Ó kà wọ́n sí ìbátan.

Lónìí, nítorí eegun àti lẹbẹ méjì ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀, àwọn onímọ̀ gbà pé ó sún mọ́ ẹja onípárì ju lamprey lọ.