Lẹ́tà sí Ìyá Ìbejì: Bí Eré Ìdárayá Ṣe Ń Dùn Mọ́ Ọmọdé

Àbúrò mi, Ìyá Ìbejì,

A kì í kọ́ ọmọdé ní eré. Bí ó bá ti lè yí padà lórí ẹní, ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: yóò rákòrò, yóò di àga mú dìde, yóò máa rìn tẹ̀ẹ̀tẹ́, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi máa sáré kiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ débi tí ariwo rẹ̀ yóò fi gba ilé kan. Eré wà lára ọmọ bí ebi àti oorun ṣe wà lára rẹ̀. Ọmọ tí ara rẹ̀ le, tí eré wá sú, tó jókòó gẹlẹtẹ láti àárọ̀ dalẹ́, nǹkan kan ló mú un jókòó. Iṣẹ́ òbí ni láti wá nǹkan náà rí, kí ó sì gbé e kúrò lọ́nà.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ṣàlàyé bí eré ọmọ ṣe yẹ kó pọ̀ tó. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1, tí kò sì tíì máa rákòrò, yẹ kó máa dojú bolẹ̀ lórí ẹní fún ìṣẹ́jú 30 ó kéré tán lójúmọ́, díẹ̀díẹ̀, nígbà tí ojú rẹ̀ bá là. Ọmọ ọdún 1 sí 4 yẹ kó lo wákàtí 3 ó kéré tán lójúmọ́ nídìí eré oríṣiríṣi; bí ó bá ti pé ọdún 3, wákàtí 1 nínú rẹ̀ yẹ kó jẹ́ eré tó ń mú ọmọ mí hẹlẹ. Ti ọmọ ọdún 5 sí 17, ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́ ni, bí a bá ṣírò ọ̀sẹ̀ pọ̀, kí eré tó le, àti èyí tó ń mú egungun àti iṣan lágbára, sì wà nínú rẹ̀ ní ọjọ́ 3 lọ́sẹ̀. Kò pọn dandan kí ìṣẹ́jú 60 náà tẹ̀ léra. Ẹsẹ̀ tí ọmọ fi rìn lọ sílé ìwé wà nínú ìṣirò, ilẹ̀ tó gbá àti omi tó pọn wà níbẹ̀, bọ́ọ̀lù tó gbá lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán náà wà níbẹ̀. Ọ̀nà tó rọrùn láti mọ bí eré ṣe le tó ni ohùn ọmọ: bí eré bá mọ níwọ̀n, ọmọ yóò lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n kò ní lè kọrin, bí ó bá le, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni yóò sọ kó tó tún mí.

Èrè rẹ̀ kò farasin. Ọkàn tó ń lù kìkì lásìkò eré ń kọ́ bí a ṣe ń ti ẹ̀jẹ̀ jìnnà láìrẹ̀. Egungun tí ẹsẹ̀ ń fi gbọnlẹ̀ nígbà fífò ń ki sí i, ìgbà èwe sì ni ara ń kó ọ̀pọ̀ egungun tí ènìyàn yóò lò títí dọjọ́ ogbó jọ. Iṣan tó ń ṣiṣẹ́ ń lo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ara kì í sì í tètè sanra jù. Ọmọ tó ti ṣeré dáadáa máa ń tètè sùn lálẹ́, ọkàn rẹ̀ sì máa ń wà lójú kan nídìí ìwé ju ti ẹni tí wọ́n so mọ́ àga.

Àwọn Yorùbá ti ní eré tó ń ṣe gbogbo èyí kí ẹnikẹ́ni tó pè é ní ìdárayá. Ẹ wo ẹkùn-mẹ́ran. Àwọn ọmọ di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n ṣe agbo. Ẹnì kan di ewúrẹ́ nínú agbo, ẹnì kan di ẹkùn lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀kan dá orin, àwọn yòókù gbè é. Ẹkùn ń wá àyè tí yóò gbà wọlé; bí ó bá sún mọ́ ibì kan, apá àwọn tó wà níbẹ̀ á wálẹ̀ láti dí i lọ́nà; bí ewúrẹ́ bá fẹ́ sá jáde, apá á gòkè fún un. Eré sísá, ìdádúró lójijì, yíyí padà, bíbẹ̀rẹ̀ àti dídìde: gbogbo rẹ̀ ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà, orin kò sì jẹ́ kí àárẹ̀ hàn. Bí ọwọ́ bá ba ewúrẹ́, ẹlòmíràn bọ́ sípò, kò sí ẹni tí wọ́n lé jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́. Súwe ń kọ́ ọmọ láti dúró lórí ẹsẹ̀ kan. Ten-ten ń da àtẹ́wọ́, fífò àti ẹsẹ̀ títa pọ̀, ojú tó yá ló sì ń mú un. Bojúbojú ń kọ́ni ní sísá àti sísápamọ́. Èédú tí a fi la ilẹ̀ súwe ni gbogbo owó tó wọ inú rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà méjì, Edward Deci àti Richard Ryan, ti kọ̀wé púpọ̀ lórí ohun tó ń mú kí ènìyàn ṣe nǹkan nítorí pé ó dùn mọ́ ọn. Wọ́n kà á sí mẹ́ta: kí ó jẹ́ pé òun ló yàn án, kí agbára rẹ̀ ká a, kí ó sì ní ẹni tí wọ́n jọ ń ṣe é. Agbo ẹkùn-mẹ́ran ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ọ̀kan nínú wọn bá yọ, eré á bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí iṣẹ́.

Ohun àkọ́kọ́ tó ń pa ìfẹ́ eré ni ìyà. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé, ọmọ tó pẹ́ dé ni wọ́n ń ní kó fò bí ọ̀pọ̀lọ́ yí pápá ká, ẹni tó pariwo ni wọ́n ń ní kó bẹ̀rẹ̀, kó fi ìka kan kanlẹ̀. Ara tó ti gbọ́ pé ìtìjú ni lílàágùn kò ní fẹ́ làágùn mọ́. Èkejì ni ẹ̀sín. Ọmọ tó sanra tàbí tó sáré kẹ́yìn, tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín, yóò rí àwáwí nígbà mìíràn. Ọjọ́ ìdíje eré sísá nílé ìwé náà ń dá kún un: ìwọ̀nba ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn yá ló ń sáré, ọgọ́rùn-ún jókòó sábẹ́ àtíbàbà, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ẹ̀kẹta ni ìbẹ̀rù ìdọ̀tí. Ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́. Aṣọ eré yẹ kó jẹ́ aṣọ tí ìyá kò ní sunkún lé lórí. Fóònù wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àti lẹ́sìn tó ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ilé ìwé tí kì í parí títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ó yẹ ká dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin. Ìwádìí kan lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún 11 sí 17 ní orílẹ̀-èdè 146 fi hàn pé ní 2016, nínú 100, 81 ni kò dé òṣùwọ̀n ìṣẹ́jú 60 náà. Láàárín àwọn ọkùnrin, bí 78 ni. Láàárín àwọn obìnrin, bí 85. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, bí ọmọbìnrin bá ti ń bàlágà, ilé ìdáná ló ń gba ìrọ̀lẹ́ rẹ̀, nígbà tí arákùnrin rẹ̀ wà lórí pápá. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti bí Tobi Amusan, tó fo igi 100 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 ní Eugene, Amẹ́ríkà, ní oṣù Keje 2022, tí obìnrin kankan kò tíì sá irú rẹ̀ rí títí di ọjọ́ náà. Kò sí ohun tó ní kí gbogbo ọmọbìnrin dà bíi rẹ̀, ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ tọ́ sí gbogbo wọn.

Ohun tí òbí lè ṣe kò gba owó púpọ̀. Àkọ́kọ́, kí òun náà dìde: bí ewúrẹ́ bá ń jẹun, ọmọ rẹ̀ a máa wò ó lẹ́nu. Ìyá tó bá fo okùn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, tó kọsẹ̀, tó sì rẹ́rìn-ín ara rẹ̀, ti kọ́ ọmọ ju ẹni tó ń pàṣẹ láti orí àga. Èkejì, kí ọmọ yàn: bí bọ́ọ̀lù kò bá wù ú, ijó lè wù ú, tàbí taya tí a ń fi igi yí. Ẹ̀kẹta, kí a yin ìgbìyànjú, kí a má fi ti ọmọ aládùúgbò ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀kẹrin, kí a má ra eré lọ́wọ́ ọmọ. Ní 1973, onímọ̀ mìíràn, Mark Lepper, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣèlérí ẹ̀bùn fún díẹ̀ lára àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi kan ní Stanford tí wọ́n fẹ́ràn àwòrán yíyà, pé wọn yóò gbà á bí wọ́n bá yàwòrán. Nígbà tó yá tí ẹ̀bùn kò sí mọ́, àwọn tí wọ́n ṣèlérí fún kò fẹ́ yàwòrán bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ilé tí kò ní àgbàlá náà ní ọ̀nà tirẹ̀: ọ̀dẹ̀dẹ̀ gba súwe, yàrá gba ijó, a sì lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ọjà.

Ìṣọ́ra ni ìyókù. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ dára ju ọ̀sán gangan lọ, omi mímu kò sì gbọ́dọ̀ jìnnà. Ọmọ tó ní ikọ́ fée yẹ kó ní oògùn fífà rẹ̀ lápò. Ọmọ tó ní àìsàn arọmọléegun (sickle cell) lè ṣeré, kó máa mu omi léraléra, kó máa sinmi, kí òtútù má mú un, kí dókítà sì ti sọ ibi tó lè dé. Ọmọ tí ẹsẹ̀ tàbí ojú ń dà láàmú náà ní ipò nínú agbo. Ẹni tí kò lè sáré lè dá orin. Bí òòyì bá kọ́ ọmọ tàbí àyà ń dùn ún, kí eré dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ìyá Ìbejì, okùn wà nílé, ìrọ̀lẹ́ sì ń bọ̀. Ẹ jáde síta.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ.