Ìsinmi láti Ìkejì-Arákejì dé Òṣogbo

Ọ̀dọ́ Ìkejì-Arákejì tó bá fẹ́ fi ìsinmi wo ilé, àṣà àti oúnjẹ kò ní láti lọ sí Èkó. Iléṣà ni kó kọ́kọ́ yà. Ààfin Ọwá Obòkun, ọba Ìjẹ̀ṣà, ni ìbẹ̀rẹ̀ tó yẹ. Kó wọṣọ tó bo ara, kó sì tọrọ àyè kó tó ya fọ́tò. Ọ̀sán ni ti iyán. Ìjẹ̀ṣà kì í fi iyán ṣeré: gbígbóná, látinú odó, ni kó jẹ ẹ́.

Òṣogbo tó ọjọ́ kan gbáko. Igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kọ mọ́ ogún àgbáyé ní 2005, fẹ̀ tó hẹ́kítà 75. Susanne Wenger, ọmọ Austria tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà bíi Adébísí Àkànjí ló mọ àwọn ojúbọ àti ère ńláńlá ibẹ̀. A kì í sáré wò wọ́n. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aláràbarà Àgùdà tí Wenger gbé wà lọ́nà Ìbòkun.

Oṣù Kẹjọ ni ọdún Ọ̀ṣun. Ẹni tó bá ń lọ nígbà náà gbọ́dọ̀ tètè wá ibùsùn. Ẹni tó fẹ́ ìdákẹ́jẹ́, kó yan ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.